Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ Kò Ṣeé Bẹ̀: Gbèsè Nínú Ilé Tí Aboyún Wà

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn aboyún àti ọkọ wọn sọ n'Íbàdàn lọ́jọ́ Sátidé kan. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ síbí, àfi ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti kú tí gbogbo wa jókòó tá à ń wo ara wa.)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Ẹ̀yin aboyún, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àmín yẹn ò dún tó o. Ẹ̀yin ọkọ ni mi ò gbọ́ ohùn yín yẹn, àbí ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ ni? Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, mo júbà kí n tó ya ẹnu.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú owó. Mo ní rárá, ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló ń tọ́jú owó. Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tó jẹ gbèsè sọ̀rọ̀, torí àwọn la pọ̀ jù níbí, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe akápò kọpurétì wa, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ yá owó, iwájú mi ló máa jókòó sí. Ohun tí mo sì máa ń rí ni pé tí oyún bá ti di oṣù méje, oṣù mẹ́jọ, ọkùnrin á sáré wọlé, á máa fi háńkíṣíìfù nu ojú, á ní, "Ìyá, ìyàwó mi ti fẹ́ bí o!" N ó bi í pé ìgbà wo ló mọ̀ pé ó lóyún? Á dákẹ́. Ṣé àná ni oyún ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ ni? Nígbà tá a bá wá yẹ ìwé wò, a ó rí i pé ó ṣì jẹ wá ní lóònù ti ọdún tó kọjá, ó jẹ ibì kan níta, ó jẹ lórí fóònù, onílé náà ń dúró dè é ní gééètì.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ò pọ̀. Gbèsè ní ọjọ́ tiẹ̀, oyún náà ní ọjọ́ tiẹ̀. Ọjọ́ gbèsè, a lè lọ dọ̀bálẹ̀, a lè kúnlẹ̀, a lè ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa di ìparí oṣù. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ńkọ́? Ta ló ti bẹ ìrọbí rí pé kó padà wá tí sálárì bá wọlé? Ẹni tó bá ti bẹ̀ ẹ́ rí, kó dìde ká rí i. Torí náà èyí tó ṣeé bẹ̀, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, èyí tí ò ṣeé bẹ̀, ẹ tọ́jú owó tiẹ̀ kalẹ̀. Gbogbo ohun tí mo máa sọ láàárọ̀ yìí, orí ìyẹn náà ló máa dá lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá. Ẹ ṣí ìwé gbèsè sílẹ̀ lójú ara yín.

Mo máa sọ tèmi, torí èèyàn ò lè máa fi ti ẹlòmíì ṣe àpẹẹrẹ kó sì bo tiẹ̀. Oyún ọmọ mi kẹta ni, ó ti pé oṣù méje, iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe nígbà yẹn. Obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó múra dáadáa, mo rò pé oníbàárà ni, mo ti mú téèpù dání pé kí n wọn ìbàdí ẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni ìyàwó bàbá báyìí?" Mo ní èmi ni. Ó wo ikùn mi, ó wo ojú mi, ó ní òun ò mọ̀ pé mo lóyún, pé kí n ṣáà bá òun sọ fún ọkọ mi pé òun wá. Ó jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè tẹ máṣíìnì mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí kò sọ yẹn ló dùn mí ju èyí tó sọ lọ.

Nígbà tí bàbá dé nílé, mo bi í, ó kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ìgbà tó di aago mẹ́wàá alẹ́, ọ̀rọ̀ kékeré ti di olówó márùn-ún. Èyí tí mo mọ̀ nínú ẹ̀ ò ju méjì lọ. Mo gbé ìwé ọmọ wa àkọ́kọ́, a ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, à ń kọ ọ́ sílẹ̀, ti bàbá jẹ́ 386,000 náírà, owó náà sì jẹ́ owó gidi láyé ìgbà yẹn, kì í ṣe ti ìsinsìnyí tí 386,000 ò lè tún rúùfù ṣe. Mo ti múra àtibú u, mo ti fa èémí sókè, ni mo wá rántí pé èmi náà ń gba gbómúlélántàn lẹ́yìn ẹ̀, lóònù tá à ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ku 118,000, tí mi ò sì sọ fún un. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Mo ṣáà jókòó, mo ní "ẹ kọ tèmi náà kún un." Bàbá wò mí, ó kọ ọ́. A ò bú ara wa mọ́ lóru ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lẹ́nu ẹ̀.

Ohun tá a kọ sínú ìwé yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ lọ kọ. Orúkọ ẹni tó yá yín, ojú owó, èlé, ọjọ́ tí ẹ ní ẹ máa san, àti orúkọ onídùúró. Ẹ má fo onídùúró o. Gbèsè tí èèyàn ẹlẹ́ran ara dúró fún yín níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò sẹ́nì kankan nídìí ẹ̀, torí tí ẹ ò bá san án, ìyá aláta tó ṣoore fún yín ni wọ́n máa lọ ká mọ́ ìdí ìsọ̀. Ẹ sì ṣe é ní kùtùkùtù, kí ikùn tó wúwo. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má dúró di oṣù kẹsàn-án kí ẹ tó wá já ọ̀rọ̀ gbèsè lé aboyún lórí bí ẹni tó já àpò gaàrí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹun, ẹ jẹ́ kó jókòó dáadáa, kí ẹ wá sọ ọ́ látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí ẹ bá ṣẹ́kù, aráàta ló máa wá bá yín sọ ìyókù.

Ọ̀rọ̀ kejì, òun ni mo tìtorí ẹ̀ wá: owó ìbímọ ló ṣáájú.

Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe ẹ̀yin èèyàn rere bí ẹni pé kí ẹ kọ́kọ́ san gbèsè tán kí ọmọ tó dé, kí ọmọ má bá gbèsè nílé. Ó wù ẹ̀dá. Àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀kadà ló ń gùn, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo owó tó rí fún oṣù mẹ́ta ló kó lé gbèsè lórí, ó san án tán lọ́jọ́ Ẹtì, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé òun ti bọ́. Ọjọ́ Ajé ni ìyàwó ẹ̀ rọbí, ó di alẹ́, wọ́n ní ọmọ ò sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni. Kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀bá ògiri ilé-ìwòsàn ló dúró sí tó ń tẹ fóònù, ọwọ́ áàpù ayánilówó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti yáwó lóru kan náà. Ìyá là, ọmọ là, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbèsè tó san lọ́jọ́ Ẹtì, gbèsè tí ì bá ṣeé bẹ̀ ni, torí èmi náà tó wà nídìí ẹ̀ ì bá fún un lóṣù mẹ́ta sí i tó bá béèrè. Èyí tó wá jẹ lọ́jọ́ Ajé ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ka owó ìbímọ náà. Owó ìforúkọsílẹ̀ ántínétà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, skáànù, owó ìgbẹ̀bí, àwọn nǹkan tí nọ́ọ̀sì máa kọ síwèé pé kí ẹ rà. Ẹ tún ka owó mọ́tò òru, torí ìrọbí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ẹ fi nǹkan lé e fún iṣẹ́ abẹ, bí ẹ ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀. Mo gbọ́ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" yẹn, mo ṣe àmín sí i, ẹ ṣì lọ fi owó sílẹ̀. Tí ilé-ìwòsàn yín bá gbà kí ẹ máa san díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀, ẹ san án níbẹ̀ kí ẹ gba rìsíìtì, torí owó tó bá wà nínú akáǹtì onígbèsè, bí omi inú agbọ̀n ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí báńkì tó yá yín lówó fi lè fa owó ẹ̀ yọ nínú akáǹtì yín tó wà ní báńkì míì, nípasẹ̀ BVN? Ẹni tó ń rò pé òun ti gbé sálárì òun sá lọ sí báńkì kejì, ara ẹ̀ ló ń tàn.

Adójútòfò ìlera, ìyẹn ínṣọ́ránsì ìwòsàn, náà ńkọ́? Òfin ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo wa, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn, tiwa ní Ọ̀yọ́ yìí ni OYSHIA, Èkó ní Ilera Eko. Ẹ lọ béèrè. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó kó mọ́ra nínú ọ̀rọ̀ ìbímọ, ilé-ìwòsàn wo ni ẹ lè lò, àti ìgbà wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó, torí ẹni tó dúró di oṣù kẹjọ kó tó lọ forúkọ sílẹ̀ lè rí i pé ọmọ ti ṣáájú káàdì dé.

Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, ẹ tún ṣírò ibi tí owó ti máa dín. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjìlá, mẹ́fà ṣáájú, mẹ́fà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, ìdajì owó-oṣù ni òfin ọ̀hún fi dandan lé pé kí wọ́n má san dín. Àwọn kan ń san gbogbo ẹ̀, ọ̀gá yín lè má sí lára wọn. Ẹ béèrè nísinsìnyí kí ẹ má lọ ṣèlérí fún olówó lórí owó tí kò ní wọlé. Àwa ọlọ́jà ní tiwa, kò sẹ́ni tó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ tá ò bá ti ṣí ìsọ̀, ọjọ́ yẹn ò sówó.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kẹta ni àwọn olówó fúnra wọn. Ta la máa san, ta la máa bẹ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó bá pariwo jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ san. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí tó ń bímọ jù, torí owó náà ń lóyún o, tiẹ̀ ò sì ń pé oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹ yá 40,000, wọ́n ní kí ẹ dá 52,000 padà lóṣù kan. Ọjọ́ pé, kò sówó, ẹ lọ yá 52,000 níbòmíì láti fi san án, iye èlé kan náà, ó di 67,600. Oṣù kẹta, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó di 87,880. Oṣù mẹ́ta péré! Ẹ ò sì ra ohunkóhun o, ẹ ò ra ìṣáná. Àwọn bàbá wa ò jẹ̀bi nígbà tí wọ́n pè é ní sọgúndogójì. Ní kọpurétì wa, náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù là ń gbà, lórí 40,000 yẹn 400 náírà ni. Ẹ wá rí i pé gbèsè ju gbèsè lọ. Tí ẹ bá ní owó àjẹsẹ́kù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ yín, ẹ lọ bi wọ́n bóyá ẹ lè fi pa èyí tó ń gun orí ara wọn yẹn, kó ku ti ẹgbẹ́ nìkan. Tí ẹ bá ti pa á tán, ẹ yọ áàpù yẹn kúrò lórí fóònù. Mo ti rí ẹni tó san án tán láàárọ̀ tó tún yá a nírọ̀lẹ́, nítorí wọ́n fi mẹ́sèjì ránṣẹ́ pé "a ti fi kún iye tẹ́ ẹ lè yá."

Ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Láyé àtijọ́, tí bàbá bá jẹ gbèsè, ó lè fi ọmọ ẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ á lọ máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn, èlé ni, ojú owó ò dín, bó lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Ẹni tí kò bá sì san, wọ́n lè rán ológò sí i. Ológò á wọ agboolé, á ní òun dógò ti lágbájá, adìẹ tó bá kọjá á gbé e, ewúrẹ́ tó bá kọjá á mú un, kò ní bi pé ti ta ni, títí gbogbo ilé á fi dìde sí onígbèsè pé kó lọ wá owó yìí ká lè sinmi. Áàpù tó ń fi fọ́tò yín ránṣẹ́ sí pásítọ̀ àti sí àna yín, kí lẹ rò pé ó jẹ́? Ológò ni, ẹsẹ̀ nìkan ni kò ní.

Ṣùgbọ́n òfin wà fún tòde òní. Láti ọdún 2022 ni àjọ FCCPC, àwọn tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì yé dójú ti èèyàn. Orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí wà lórí wẹ́búsáìtì àjọ náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n bá sì dójú tì yín, ẹ tọ́jú mẹ́sèjì náà kí ẹ fi sùn wọ́n. Ẹni tó bá ní òun máa fi ọlọ́pàá kó ìyàwó yín pẹ̀lú oyún nínú, ẹ sọ fún un pé Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí gbèsè lásán. Kóòtù ni gbèsè ń lọ. Mi ò ní kí ẹ fi ìyẹn ṣe àwáwí láti má san án o! Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ọmọ tó ń bọ̀ yìí máa mú yín tún yáwó lọ́jọ́ iwájú.

Báwo la ṣe ń bẹ olówó? Ẹ lọ kí ọjọ́ tó pé. Ìyẹn nìkan ti tó ìdajì ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó wá bá mi lọ́jọ́ karùn-ún ṣáájú ọjọ́ ìsanwó, tó mú 5,000 dání, tó ní "Ìyá, ìyàwó mi máa bí lóṣù kẹwàá, mo fẹ́ máa san báyìí báyìí títí di oṣù kejìlá, lẹ́yìn náà n ó padà síbi tí mo ń san tẹ́lẹ̀," kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ṣùgbọ́n ẹni tó pa fóònù, tó ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, tí mo wá pàdé níbi òde tó wọ léèsì! Ẹ mú àgbà kan dání tí ọ̀rọ̀ bá le. Kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ àdéhùn tuntun náà sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, torí olówó máa ń gbàgbé ohun tó sọ, onígbèsè náà máa ń gbàgbé.

Léèsì tí mo dárúkọ yẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ìkómọ, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ̀yin ìyá ọkọ ti máa bínú sí mi. A kì í fi gbèsè sọ́rùn ṣọ̀ṣọ́. Kí ni àwọn bàbá wa ní ká fi sọmọ lórúkọ? Omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó, ataare. Ẹ bá mi wá ibi tí kánópì wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ lọ bi ààfáà yín, wọ́n á sọ fún yín pé sunnah ni àkíkà, kì í ṣe kí ẹ lọ yá owó àgbò. Aṣọ ọmọ, ẹ gba ti ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta òkìríkà, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ò mọ tuntun. Ẹ fún un lọ́yàn nìkan fún oṣù mẹ́fà bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń sọ, tí kò bá ti sí ohun tó dí i lọ́wọ́, ẹ béèrè iye agolo mílíìkì ọmọ kan lọ́jà kí ẹ tó yẹ ọ̀rọ̀ mi dànù. Owó tí àwọn èèyàn bá fi ta ọmọ lọ́rẹ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn náà.

Àwọn kan ń bi mí pé báwo ni tiwa ṣe parí. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin la fi san án. Ilé-ìwòsàn la kọ́kọ́ san, mo bí ọmọ mi, ọkùnrin ni, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ a fi ìrẹsì ìkòkò kan àti adìẹ méjì sọ ọ́ lórúkọ, ìyá ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Gbómúlélántàn la san tẹ̀ lé e, torí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ló dúró fún mi. Obìnrin tó wá sí ṣọ́ọ̀bù yẹn la san kẹ́yìn, ó ní òun lè dúró, ó sì dúró. Ìgbà tí mo gbé owó tó kù lọ fún un, ó kà á, ó ní, "Téèpù tẹ́ ẹ mú dání lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ẹ wá wọ̀n mí." Mo ti rán aṣọ fún un kọjá mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí. Ìyá tó wọ àǹkárá aláwọ̀ ewé lẹ́yìn yẹn ti ń nawọ́ látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ áàpù, ọkọ wọn ń fà á sílẹ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè. Ẹ gbé máìkì fún wọn.